Wọ́n Ní Etí Elétíọfẹ́ Ti Kú

Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé tí ọkùnrin yìí ti ń yí wáyà dùùrù fún àwọn tó ń kọ orin àtijọ́ lásìkò ọlidé, kò sì sí ọdún kan tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé pélébé tí wọ́n ń pín lẹ́nu ọ̀nà. Orúkọ ẹni tó to òdòdó sórí tábìlì wà níbẹ̀. Orúkọ ẹni tó yá wọn ní àga wà níbẹ̀. Lọ́dún kan, wọ́n tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ojú ọjọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń débẹ̀ kí akọrin kankan tó fọ ẹnu, tó ń fi kọ́kọ́rọ́ irin yí wáyà tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan, onítọ̀hún ò sí níbẹ̀. Ká tiẹ̀ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹni tí kò kọ orúkọ ẹni kò tíì ba orúkọ ẹni jẹ́. Ohun tí wọ́n fojú rẹ̀ rí lọ́dún yìí ló kọjá sísọ.

Káfíńtà ni níbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ǹṣì tó ń mì ló wá kàn nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan, lásìkò ọlidé gígùn, nígbà tí oòrùn máa ń mú débi pé ajá ò ní ráyè gbó ẹni tó bá ń kọjá. Ó bá ìyá arúgbó kan níbẹ̀, ẹni tó dá ẹ̀kọ́ ọlidé orin àtijọ́ sílẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Àgbà. Ìyá náà jókòó ti dùùrù gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ojú rẹ̀ kún fún omijé. Dùùrù yẹn kì í ṣe irú èyí tí òòlù ń lu wáyà inú rẹ̀. Ti àtijọ́ ni. Tí o bá tẹ eyín rẹ̀ kan, igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan á yọ sókè nínú lọ́hùn-ún, ìyẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà á wá ta wáyà, bí èékánná ṣe ń ta okùn. Mẹ́ta nínú àwọn igi náà ti kán, kọ́ńsáàtì ku ọ̀la, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe sì wà ní ìlú tó jìn.

Káfíńtà wo igi tó kán, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó fi sápò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kó mẹ́ta tuntun dé. Ìyá Àgbà fi wọ́n síbẹ̀, ó tẹ̀ wọ́n, ó gbójú sókè wò ó.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Èyí tó kán ló kọ́ mi, mà."

Láti ọjọ́ náà ni ìyá yẹn ò ti jẹ́ kó lọ mọ́. Ó mú un jókòó, ó ní kó gbọ́ wáyà méjì. "Wọ́n ń bá ara wọn jà," ìyá náà á wí. "Yí èkejì díẹ̀díẹ̀ títí ìjà á fi parí." Ẹ̀kọ́ tó fún un ò jù báyẹn lọ. Ìyókù, òun fúnra rẹ̀ ló fi etí wá a kiri. Kò pẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọkùnrin náà ń gbọ́ ìjà wáyà láti ìta, kódà tí ilẹ̀kùn bá wà ní títì. Wọ́n sọ ọ́ ní Elétíọfẹ́. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn débi pé ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, nìkan ló ṣẹ́kù tó ń pè é ní Bàbá Ìbejì.

Ohun kan wà tí Elétíọfẹ́ máa ń ṣàlàyé fún àgbà, tó máa ń ṣàlàyé fún ọmọdé. Ohùn inú dùùrù ò lè dùn tán níbi gbogbo. Ọlọ́run ò dá a bẹ́ẹ̀. Tí o bá mú kí ibì kan dùn bí oyin, ibòmíràn á kan bí ọtí àná. Àwọn tòde òní máa ń pín kíkan náà ká gbogbo ilé, kó máa rùn díẹ̀díẹ̀ ní yàrá kọ̀ọ̀kan títí yóò fi mọ́ imú lára. Àwọn ará àtijọ́ kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ilé tó bá máa mọ́ gbọ́dọ̀ ní ààtàn. Kó gbogbo ìdọ̀tí jọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí orin ò ní dé, kí pálọ̀ lè máa dán. Òun náà ló sọ ibẹ̀ ní ààtàn, gbogbo wọn sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Olórin tó bá ṣèèṣì tẹ ààtàn, òun náà á mọ̀ pé òun ti já sẹ́yìn ilé.

Dùùrù náà sì ní ọgbọ́n kan lára. Pátákó tó gbé eyín rẹ̀ ṣeé sún sí ọ̀tún, tí èèyàn bá di igi tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ní ìwọ̀n eyín kan péré. Ìdí ni pé fèrè àtijọ́ wálẹ̀ ju fèrè tòde òní lọ. Tí onífèrè tòde òní bá dé, wọ́n á sún un, ohùn gbogbo á gòkè, wọ́n á dọ́gba. Àmọ́ ẹ gbọ́ o: eyín ló ń sún, wáyà ò bá a sún. Ilé ti yí, ààtàn dúró síbi tó wà. Ilẹ̀kùn pálọ̀ á wá dojú kọ ààtàn gbáà. Ìdí nìyẹn tí Ìyá Àgbà fi ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sún eyín dùùrù láìpe Elétíọfẹ́, kó lè fi wákàtí kan yí wáyà padà, kó kó ààtàn lọ sí ẹ̀yìnkùlé tuntun. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dé láàárọ̀ ti mọ òfin yìí kó tó di ọ̀sán.

Ìyá Àgbà kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹni tí wọ́n gbé wá rọ́pò rẹ̀ ni Olùdarí, ọkùnrin olóyè ìwé mẹ́ta, tí bàtà rẹ̀ máa ń dún kòkòkò kí òun fúnra rẹ̀ tó yọjú. Ó mọ dùùrù ta, ká má purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá ń bá a sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn orí onítọ̀hún ló máa ń wò, bí ẹni tó ń retí èèyàn pàtàkì kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹ̀kọ́ ọlidé náà. Àárọ̀ ni ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Tó bá di ọ̀sán, ó di ti ará ìlú: kọ́ńsáàtì ọ̀fẹ́ lọ́jọ́rú, kíláàsì gbangba níbi tí wọ́n ti ń wo bí olùkọ́ ṣe ń bá akọrin wí, àti kọ́ńsáàtì ńlá ní Sátidé méjèèjì. Ní Tọ́sìdeè ọ̀sẹ̀ kejì, Elétíọfẹ́ a fi wákàtí kan ṣí ikùn dùùrù fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Èèyàn méjìlá, mẹ́tàlá ló máa ń wá, ìdajì wọn jẹ́ ọmọ tí òbí ò rí ibi fi sí.

Sátidé àkọ́kọ́ ni nǹkan dé. Láàárọ̀, Elétíọfẹ́ ti yí wáyà tán, ó ti lọ wẹ̀, ó ti pààrọ̀ aṣọ. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, òun àti ìyàwó rẹ̀ jókòó sí ìlà ẹ̀yìn bí ìṣe wọn. Àlejò onífèrè jáde, Olùdarí fúnra rẹ̀ jókòó sídìí dùùrù, wọ́n tẹríba, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wọn. Fèrè gbé ohùn. Dùùrù tẹ̀ lé e. Elétíọfẹ́ ti dìde dúró kí ìlà kìíní orin náà tó parí.

"Ẹ jókòó," ìyàwó rẹ̀ wí.

"Wọ́n ti sún un."

"Kí ni wọ́n sún?"

"Ààtàn ni wọ́n ń rìn lé yẹn. Wọ́n sún un, Ìyá Ìbejì, wọn ò pè mí."

Ìdọ̀tí dé etí gbogbo èèyàn. Obìnrin kan níwájú fi ọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tó jẹ nǹkan kíkan. Ọmọ kan di etí, ìyá rẹ̀ já ọwọ́ rẹ̀ kúrò, nígbà tó yá ìyá náà di tirẹ̀. Onífèrè gbé fèrè sílẹ̀. Orin dúró. Ohun tó yẹ kí ọkùnrin tó bá jẹ́ ọkùnrin ṣe lásìkò yẹn ni kó sọ pé, "Èmi ni, mo gbàgbé." Gbólóhùn kan péré. Olùdarí dìde, ó fẹ́ eyín sí àwọn èrò.

"Ẹ má bínú sí wa, ẹ̀yin èèyàn wa. Bàbá tó ń bá wa yí wáyà ti dàgbà. Etí bàbá ti kú. Àwa náà la jẹ̀bi, àánú ló ń ṣe wá, a ò tètè sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ sinmi."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹni tó ti rí orí tí wọ́n máa gbé ẹrù ẹ̀bi lé ni. Àwọn kan yíjú sẹ́yìn wá bàbá náà, wọ́n rí i lórí ìdúró, wọ́n túbọ̀ rẹ́rìn-ín. Elétíọfẹ́ lanu. Ẹ̀rín bo ohùn rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rín fi máa rọlẹ̀, onífèrè ti bẹ̀rẹ̀ orin mìíràn lóun nìkan. Ẹni tó fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kọ́ èrò láti dákẹ́ tí orin bá ń lọ, kò mọ bí wọ́n ṣe ń pariwo nínú rẹ̀. Ó jókòó. Ìyàwó rẹ̀ di apá aṣọ rẹ̀ mú títí wọ́n fi tú ká, bíi pé ọmọdé tó máa sá lọ ni.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè ó lọ síbẹ̀. Eyín dùùrù ṣì wà lápá ọ̀tún, wọn ò tiẹ̀ ní ìtìjú tó láti sún un padà. Obìnrin tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn ń gbálẹ̀. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ tó wà ní ìdí rẹ̀ pọ̀ tó ti wọ́dà.

"Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀ àná."

"Ta ló sún un?"

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ wo ẹnu ọ̀nà kó tó dáhùn. "Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún wọn, aago kan ọ̀sán. Ọ̀gá àti onífèrè. Onífèrè ní ohùn àwọn ò dọ́gba. Ọ̀gá di igi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mú, ó sún un. Mo ní, ẹ ò ní pe bàbá ni? Ó ní kí n gbájú mọ́ ìgbálẹ̀ mi."

"Ṣé o lè sọ ọ́ níwájú èèyàn?"

"Bàbá, ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Ẹnu tí mo fi ń jẹun lẹ fẹ́ kí n fi rojọ́ yẹn."

Kò bá a wí. Ó sún eyín dùùrù padà, ó yẹ wáyà wò, ó lọ sílé.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ délé. Oníbúrẹ́dì tó wà ní ìkóríta, ẹni tó ti ń kí i láti ọjọ́ pípẹ́, fi gbogbo ọ̀fun kígbe mọ́ ọn: "Bàbá, búrẹ́dì MÉLÒÓ LẸ FẸ́?" Àwọn tó dúró síbẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹ̀rín. Elétíọfẹ́ ní, "Ọ̀kan. Èyí tí o ò tíì fi itọ́ rin." Ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé tó máa ń lọ yí wáyà dùùrù fún lóṣooṣù ránṣẹ́ pé kó ṣì sinmi ná. Ọkùnrin kan tó ní dùùrù nílé ní òun máa pè é, ohùn tó fi sọ ọ́ sì ni ohùn ẹni tí kò ní pe ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé e yẹ̀ wò. Tí wọ́n bá sọ pé ọwọ́ alágbẹ̀dẹ ń gbọ̀n, ó lè fi ọwọ́ hàn wọ́n. Etí ńkọ́? Báwo lèèyàn ṣe ń fi etí hàn?

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ó wọ ọ́fíìsì Olùdarí.

"Ẹ jókòó, bàbá."

"Mo fẹ́ dúró. Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ sún un."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Wáyà ló sọ bẹ́ẹ̀."

Olùdarí rẹ́rìn-ín sí ìwé tó wà níwájú rẹ̀. "Wáyà kì í jẹ́rìí, bàbá. Ẹ̀fẹ̀ ni mo fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe. Mo kàn ń dá àwọn èèyàn lára yá."

"Èmi lẹ fi dá wọn lára yá."

"Ọmọ ọdún mélòó ni yín?"

"Mọ́kànlélọ́gọ́ta."

"Ẹ ẹ̀ wá rí i? Àbí ta ló tiẹ̀ kọ́ yín níṣẹ́ yìí? Ìwé ẹ̀rí wo lẹ ní? Ẹ̀rọ ti wà nínú fóònù báyìí tó ń gbọ́ ju èèyàn lọ. Ẹ ṣe ti Tọ́sìdeè yín, ó ti wà nínú ìwé pélébé, mi ò lè yọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, a óò máa wò ó."

"Ohun kan ni mo wá bèèrè. Níbi tí ẹ ti sọ ọ́, ẹ sọ ọ́ padà níbẹ̀, níwájú àwọn tó gbọ́ ọ. A kì í bú èèyàn ní gbangba ká wá bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀."

"Ẹ̀bẹ̀ kẹ̀? Ta ló ń bẹ̀ yín?"

"Mo ti gbọ́," Elétíọfẹ́ wí, ó sì fi ọ́fíìsì sílẹ̀ fún un.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ ò kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́ pé yóò ṣe nǹkan kan. Ó ní ẹni tó bá bá ọ̀gá jà, ilẹ̀ ló máa bá ara rẹ̀. Ó ń sọ ọ́ lọ, ó ń tú aṣọ tó ti rán tán.

"Kí ló dé tí o ń tú aṣọ aláṣọ?"

"Ẹni tó ni ín wá wò ó lónìí. Ó bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni pé adití lọkọ mi, pé báwo la ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé." Ó fa òwú yọ, ó gé e pẹ̀lú eyín. "Mo ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ lọ ṣe Tọ́sìdeè yín, Bàbá Ìbejì. Èmi náà ń bọ̀, iwájú ni màá jókòó sí."

Nígbà tó di Tọ́sìdeè, gbọ̀ngàn kún. Èèyàn méjìlá kọ́ o, wọ́n kún dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ má tan ara yín pé ìfẹ́ ohun èlò orin ló gbé wọn wá. Wọ́n fẹ́ wá wo adití tó ń yí wáyà ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Olùdarí jókòó sí ìlà iwájú, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú kí wọ́n má baà dún.

Elétíọfẹ́ ṣí ikùn dùùrù. Kó tó sọ̀rọ̀, ọkùnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Bàbá, ṣé ẹ ń gbọ́ wa níbí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Elétíọfẹ́ dúró kí wọ́n rín in tán.

"Mò ń gbọ́ yín. Nígbà tí ẹ ń wọlé, mo gbọ́ bàtà yín náà, ti ọ̀tún. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣí níwájú."

Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ wo bàtà náà, ó sì rẹ́rìn-ín sí i lójú. Ẹ̀rín ti yí ẹ̀gbẹ́ padà.

Ó jókòó, ó ta ìbẹ̀rẹ̀ orin tí wọ́n fẹ́ ta ní Sátidé tó kọjá. Ìlà mẹ́rin péré. Ó dùn débi pé ariwo àga dá. "Ẹ̀yin wo lẹ wà níbí lọ́jọ́sí?" ó bèèrè. Ọwọ́ lọ sókè káàkiri. "Ó dáa. Ẹ wò mí. Mi ò ní fọwọ́ kan wáyà kankan." Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí eyín, ó di igi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mú, ó rọra sún pátákó náà sí ọ̀tún. Ó tún ta orin kan náà, ìlà mẹ́rin.

Ààtàn ṣí. Obìnrin tó fi ọwọ́ bo ẹnu ní Sátidé tún fi bò ó, ó wá sọ láti abẹ́ ọwọ́ náà pé, "Ohun tá a gbọ́ rèé."

"Òun náà ni," Elétíọfẹ́ wí. Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ilé àti ẹ̀yìnkùlé fún wọn, bó ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọdé, kò gbé ohùn sókè. Ó wá yíjú sí ìlà iwájú. "Ọ̀gá, ta ló sún un lọ́jọ́sí?"

"Ibí kì í ṣe ilé ẹjọ́, bàbá. Ẹ máa báṣẹ́ yín lọ."

"Iṣẹ́ mi náà ni mò ń ṣe yìí."

Olùdarí wo fóònù rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn ń wò ó bó ṣe ń wo fóònù. Ohùn kan wá jáde lẹ́nu ọ̀nà, ohùn kékeré, ẹni tó ni ín fúnra rẹ̀ ò jọ pé ó fẹ́ gbọ́ ọ.

"Ọ̀gá ni. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún wọn."

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ni. Ọmọ mẹ́rin yẹn ò tíì dín kan, ó sì sọ ọ́.

Olùdarí dìde. "Ó dáa. Mo sún un. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Dùùrù tí wọ́n bá yí wáyà rẹ̀ dáadáa, ó yẹ kó ṣeé sún nígbàkigbà."

Kùn-ùn gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kan. Akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan ní, "Ṣùgbọ́n, sà, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní Mọ́ńdè pé kò ṣeé sún láìyí wáyà padà."

"Mi ò bá ẹ sọ̀rọ̀."

"Kò burú, sà."

Elétíọfẹ́ ò bá wọn dá sí i. "Ti sísún ti tán. Ọ̀rọ̀ etí mi ńkọ́? Ẹ ní ó ti kú. Ibi tí ẹ dúró sí yẹn náà lẹ ti sọ ọ́."

Gbólóhùn kan tún ni o. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ olóyè ìwé mẹ́ta. Ó tún aṣọ rẹ̀ fà wálẹ̀.

"Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, etí rẹ̀ ò lè dà bíi ti tẹ́lẹ̀. Mi ò ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ nítorí ariwo."

Elétíọfẹ́ mú kọ́kọ́rọ́ irin tó fi ń yí wáyà, ó fi sápò. Ó wọ kóòtù rẹ̀. "Ẹni tó sún un ni kó sún un padà," ó wí. "Ìyá Ìbejì, ká máa lọ." Ìyàwó rẹ̀ dìde ní iwájú, wọ́n jọ ń gba àárín àwọn èrò lọ, àwọn èèyàn ń fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn fún wọn.

"Kí ló ṣòro nínú rẹ̀?" Olùdarí wí lẹ́yìn wọn. Ó gun orí pèpéle, bàtà rẹ̀ ń dún kòkòkò. Inú ń bí i, ojú ń tì í, àwọn méjèèjì kì í jẹ́ kéèyàn ríran. Kò wá igi ẹ̀gbẹ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé eyín dùùrù lórí gan-an, ó sì fi gbogbo agbára tì í sí òsì. Ẹni tó bá mọ dùùrù yẹn mọ̀ pé tí wọ́n bá ti tẹ eyín mọ́lẹ̀, igi tó wà nídìí rẹ̀ á nàró nínú lọ́hùn-ún. Tí wọ́n bá wá sún pátákó nígbà tí igi ṣì nàró, ọrùn igi ló ń lọ.

Kẹ́, kẹ́, kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́. Ó yá ju bí èèyàn ṣe lè kà á lọ.

Elétíọfẹ́ ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó dúró. Kò yíjú padà. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì bí ẹni tí wọ́n na ọmọ rẹ̀ lójú rẹ̀.

"Méje," ó wí. "Méjì lápá òsì, márùn-ún lápá ọ̀tún."

Kò pariwo rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́ fún, àmọ́ gbọ̀ngàn ti dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wọn fi gbọ́ ọ. Akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin yẹn bọ́ sórí pèpéle láìgbàṣẹ. Ó na ọwọ́ wọ inú dùùrù, ó ń fa igi tó kán yọ, ó ń tò wọ́n sórí ìdérí. Ọ̀kan, èjì lápá òsì. Ó kọjá sí ọ̀tún. Nígbà tó dé mẹ́rin níbẹ̀, ó wá èyí tó kù títí, Olùdarí ti fẹ́ la ẹnu. Ó rí i. Ó ti já bọ́ sísàlẹ̀. Ó gbé e lé àwọn yòókù.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin oníbàtà yẹn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá, ẹ bẹ bàbá."

Elétíọfẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó dúró dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé kò dúró. Olùdarí wo igi méje, ó wo èrò, ó ní, "Kọ́ńsáàtì Sátidé ṣì máa wáyé bá a ṣe kọ ọ́."

Ni bàbá àti ìyàwó rẹ̀ bá jáde.

Ní Sátidé, wọ́n kọ ọ́ láìsí dùùrù. Àwọn tó lọ ní ó dà bí ọbẹ̀ tí wọ́n gbàgbé iyọ̀ sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni lẹ́tà dé pé ẹ̀kọ́ ọlidé dúpẹ́ lọ́wọ́ Elétíọfẹ́, kò sì ní nílò rẹ̀ mọ́. Lẹ́tà náà ni ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n sì ṣì í kọ. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Ìyá Kọ́kọ́rọ́, wọ́n ní kó máa lọ gbá àgbàlá. Ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé ránṣẹ́ pe bàbá lẹ́ẹ̀mejì, kò lọ, àfìgbà tí ọ̀gá wọn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sọ pé àwọn ṣẹ̀ ẹ́.

Ẹ wá wo bí Ọlọ́run ṣe dá àwọn kan. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, Elétíọfẹ́ ti gbẹ́ igi méje tuntun, ó ti fi ìyẹ́ sí wọn, ó ti fá wọn. Kò lè fara dà á kí nǹkan kán kó máà tún un ṣe. Ó wé wọn sínú àkísà aṣọ lórí tábìlì ìyàwó rẹ̀. Olùdarí ti gbọ́. Ó ti rán akọ̀wé wá gbà wọ́n, ó tún ti rán onífèrè.

"Kí ni kí n sọ fún wọn, bàbá?" onífèrè bèèrè. Ara rẹ̀ ò lélẹ̀.

"Sọ fún wọn pé igi ti ṣe tán, owó kọ́ ni mo fẹ́. Kí ẹnu tó pa etí mi lórí pèpéle jí i dìde níbẹ̀, kí wọ́n ránṣẹ́ sí mi kí n wá gbọ́."

"Tí wọn ò bá gbà ńkọ́?"

Ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn, kò gbójú kúrò lára aṣọ tó ń rán. "Tábìlì mi fẹ̀. Ẹ jẹ́ kí igi náà máa wà níbẹ̀."